Ẹni Kẹfà Nínú Ẹ̀rọ Ẹlẹ́ni Márùn-ún

"Tún un sọ fún mi," ni Rachel Adéyẹ́misí wí. "Kí gan-an ni ẹ̀rọ náà sọ?"

Ayọ̀mikún wo Alhaji, ọ̀gá rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sì tún wo Rachel, ìyá àgbàlagbà tó jókòó sórí àga oníbàárà, tó di gúgúrú mọ́wọ́ bí ẹni tó kàn wá ya fọ́tò.

"Mà, ó ní àyè ti kún. Ó ní ẹni márùn-ún tó yẹ kó wà nínú òun ti pé, kí n dúró kí ẹnìkan jáde. Mo rò pé ó ń ṣarán ni. Láti ọjọ́ tí mo ti débí, kò sọ irú ẹ̀ sí mi rí."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Àná, mà. Nígbà tí Alhaji àtàwọn yòókù lọ kírun Jímọ̀."

Gúgúrú tó wà lọ́wọ́ Rachel dúró láàárín ọ̀nà, kò dé ẹnu. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ nígbà tó ṣì wà nínú yúnífọ́ọ̀mù mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí obìnrin yìí bá ti lè dá gúgúrú dúró, ẹnìkan ti wọ gàù nìyẹn.

"Kí ló dé tó ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni láti àná?"

"Wọn ò bi mí, mà. Olè ni wọ́n ń wá. Wọn ò béèrè nípa ẹ̀rọ."

Rachel mi orí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún tó ti ń gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀, kò sì tíì yé e bí àwọn èèyàn ṣe máa ń gbé ohun tó ṣe pàtàkì jù sẹ́yìn ẹnu.

Ọ̀rọ̀ tó gbé e kúrò ní Kúdẹtì láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yìí kò ta kókó lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ilé fọ́tò Àwòrán Ìrántí wà ní Bẹẹrẹ, lójú ọ̀nà tó gòkè lọ sí Mápó. Olóògbé Alhaji Zakariyya ló dá a sílẹ̀, ọmọ rẹ̀, Alhaji Yésúfù, ló sì ń bójú tó o báyìí. Kò sí agbo ilé kan láti Bẹẹrẹ títí dé Ìsàlẹ̀ Òsì tí kò ní ojú kan tàbí méjì nínú fọ́tò tí Alhaji Zakariyya yà: ìyàwó ọ̀ṣìngín, ẹgbẹ́ àwọn télọ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́, bàbá tó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé ọjọ́ tó ya fọ́tò. Òjò àti ikán ti ba àwọn fíìmù jẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù ni èyí tí wọ́n ti kó sínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, Alhaji Yésúfù ti mọ́sáláásí dé, ó ṣí ẹ̀rọ, kò sì bá fọ́tò àtijọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà a máa rántí orúkọ ẹni tó bá ṣe nǹkan nínú rẹ̀. Orúkọ tó rántí ni ti Zulaihat, ọmọbìnrin tó ń bá wọn tún àwòrán ṣe. Afeez, àkọ́bí Alhaji, kò béèrè ọ̀rọ̀ kejì. Ó fa ọmọ ọlọ́mọ jáde sí pèpéle iwájú ilé, ó sì pariwo olè lé e lórí títí tí àwọn ọlọ́kadà fi dúró wòran. Ó ní bí kò bá kó fọ́tò jáde kí wọ́n tó kírun Àsárì lónìí, àwọn ọlọ́pàá ni yóò wá bá a sọ ọ́. Alhaji ló yọ́ kẹ́lẹ́ tẹ Rachel láago, nítorí ọkàn rẹ̀ kò gbà pé ọmọ náà lè ṣe é.

Inú Rachel bàjẹ́ sí ọ̀rọ̀ náà ju bó ṣe fi hàn lọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, lẹ́yìn ìsìn Kérésì ni bàbá rẹ̀, tíṣà ìjọ Kúdẹtì, máa ń kó gbogbo wọn fẹsẹ̀ rìn wá síbí. Wọ́n á tò sẹ́yìn àwọn tó ti ṣáájú wọn. Dígí kan wà lára ògiri tí wọ́n fi okùn so kóòmù mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Pọ́dà wà nínú agolo fún ẹni tó bá fẹ́ kí ojú òun dán. Wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sára aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn, tẹlifóònù dúdú kan sì wà lórí tábìlì tí kò ní wáyà kankan, tí ó jọ pé gbogbo Ìbàdàn ló ti gbé e sétí. Alhaji Zakariyya á fi orí wọnú aṣọ dúdú tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, á ní kí ẹnikẹ́ni má mí. Ayé ìgbà yẹn dùn, ó sì ti lọ. Lónìí, fóònù ti gba iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn tó ń wá kò sì ju ẹni tó fẹ́ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ.

"Alhaji," ni Rachel wí, ó dìde, "ẹ mú mi lọ wo ẹ̀rọ náà. Ẹ sì ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹ ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọ kékeré."

Inú yàrá dúdú tí wọ́n ti ń fọ fíìmù láyé ọjọ́un ni wọ́n gbé e sí. Òórùn kẹ́míkà ṣì wà níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju páálí bisikíìtì lọ. Ó jókòó sórí pèpéle, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀.

"Bàbá wa ló rà á," ni Alhaji Yésúfù wí, "nígbà tí àwọn káfè íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù káàkiri ìgboro. Ó kéré, àmọ́ inú ẹ̀ ni gbogbo kọ̀ǹpútà ilé yìí ti ń mú fọ́tò. Ètò tó ń darí ẹ̀, iye èèyàn ni wọ́n fi ń tà á. Ẹ lè ra láísẹ́ńsì ẹni márùn-ún, ẹ lè ra ti ẹni mẹ́wàá. Ti ẹni márùn-ún lagbára Bàbá ká. Bí márùn-ún bá ti wọlé, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà á dúró síta títí ẹnìkan á fi jáde."

"Ìyà tí Bàbá àgbà fi jẹ wá nìyẹn," ni Afeez wí láti ẹnu ọ̀nà. Jàlábíà funfun ló wọ̀, fóònù méjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo mọ ẹni tó máa bá wa já ìdè ẹ̀ kíá, kí ogún èèyàn máa wọlé. Bàbá àgbà ní àwọn ò gbà."

"Wọn ò gbà," ni Alhaji wí. "Wọ́n ní ẹni márùn-ún làwọn rà. Èyí tó bá lé, harámù ni."

"Èèyàn mélòó ló ń lò ó báyìí?" ni Rachel béèrè.

"Àwa márùn-ún náà ni. Èmi, Afeez, Zulaihat, Ayọ̀mikún àti Joseph. Láyé ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀, mẹ́sàn-án la jẹ́ o! Ẹ̀ bá gbọ́ ariwo wa. 'Ta ló jókòó lé àyè mi?' 'Ìwọ jáde kémi wọlé!'" Alhaji rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin fún ìṣẹ́jú kan. "Nígbà tó di pé àwọn onígbàgbọ́ ń gba àyè wa tá a bá lọ sí Jímọ̀, táwa náà ń gba tiwọn ní Sọ́ńdè, ìjà dé. Bàbá bá ṣòfin. Ẹni tó bá ń lọ jọ́sìn, kó fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, kó kọ ojú àga ẹ̀ sí ògiri. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí á fi dé."

"Ẹ ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"A ò lè ṣàì ṣe é. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni."

Rachel to gúgúrú márùn-ún sí àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ̀yin mẹ́ta lọ sí mọ́sáláásí, àmọ́ ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀. Joseph àti Ayọ̀mikún wà lẹ́nu iṣẹ́. Márùn-ún pé. Ayọ̀mikún, báwo lo ṣe wá dèrò ìta?"

"Wọ́n mú iná lọ, mà. Ẹ̀rọ náà àti gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní bátìrì, àmọ́ tèmi ti kú. Ọ̀gbẹ́ni Joseph lọ tan jẹnẹrétọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí iná dé, tí mo ní kí n padà wọlé, ló bá ní àyè ti kún."

Rachel ju gúgúrú kan sẹ́nu. Ó mú òmíràn látinú bébà, ó fi sí àyè èyí tó jẹ.

"Ìwọ jáde, ẹlòmíràn kó sí i," ni ó wí. "Orúkọ Zulaihat ló sì fi wọlé. Ṣé ẹ̀rọ yìí máa ń gba orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì, Alhaji?"

"Bó bá jẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà méjì, á gbà á. Àmọ́ èèyàn méjì ló máa kà á sí."

Zulaihat wà ní yàrá tí wọ́n ti ń ya fọ́tò, ó dá jókòó sórí àpótí. Ó kúnlẹ̀ kí Rachel. Ojú rẹ̀ gbẹ, irú gbígbẹ tó máa ń ba Rachel lẹ́rù ju ẹkún lọ.

"Níbo lo ti kírun lánàá?"

"Mọ́sáláásí ńlá Ọjà'ba, mà. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin."

"Ta ló rí ẹ níbẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀, mà, àmọ́ mi ò mọ orúkọ wọn."

"O fi orúkọ ẹ sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo kọ ojú àga sí ògiri."

"Ta ló tún mọ páswọ́ọ̀dù ẹ?"

Ọmọbìnrin náà tẹrí ba. Ìta ń pariwo, ọlọ́kadà kan ń pe èrò Mọ́kọ́lá.

"O ò mọ̀ ni, àbí o ò fẹ́ sọ?"

"Mi ò lè sọ, mà."

"Àwọn ọlọ́pàá máa tì ẹ́ mọ́lé nírọ̀lẹ́ yìí, ṣó o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ṣé ọkùnrin kan ni?"

"Ẹ̀rín ń pa mí, mà," ni Zulaihat wí, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Mo ti ṣèlérí ni. Ẹ má bínú."

Rachel ti rí àwọn tó ń bo olólùfẹ́ láṣìírí. Ẹnu wọn kì í dákẹ́. Ó ti rí àwọn tó ń bo olè ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n máa ń bínú. Ọmọ yìí kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó kàn jókòó bí ẹni tó gba ẹrù lọ́wọ́ ẹnìkan, tí kò sì ní sọ ọ́ kalẹ̀ àfi bí ẹni tó ni ín bá dé. Àánú rẹ̀ ṣe Rachel, ó sì tún wú u lórí.

Joseph ló kàn. Ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, òun ló sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kó àwọn fíìmù àtijọ́ wọnú ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ikán tó jẹ wọ́n tán.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀yin àti Afeez ò rẹ́," ni Rachel wí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ojú yín ni, nígbà tó wọlé lẹ́ẹ̀kan."

Joseph mí kanlẹ̀. "Ó fẹ́ tà wọ́n, mà. Iléeṣẹ́ kan ní Èkó ń wá ojú àwọn ará àtijọ́ tí wọ́n máa fi polówó ọṣẹ. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Ìyá onílé, ìyá ọlọ́mọ, wọ́n á wá lẹ ojú wọn mọ́ páálí ọṣẹ! Alhaji àgbà ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá ya fọ́tò lọ́dọ̀ wa, ojú ẹ̀ kì í ṣe ọjà."

"Ẹ̀yin lẹ wá kó wọn pamọ́?"

"Ì bá wù mí kó jẹ́ èmi ni. Àmọ́ bí mo bá fẹ́ ṣe é, ṣé orúkọ ọmọ yẹn ni mo máa fi ṣe é? Mo ní ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀, mà."

Rachel gbà á gbọ́, kì í sì í ṣe nítorí irùngbọ̀n. Àyè Joseph wà nínú ẹ̀rọ láti àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí ẹnìkan ń kó sí àyè Ayọ̀mikún, Joseph ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, obìnrin alágbàfọ̀ ilé kejì sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé apá rẹ̀ ti ń gbó. Rachel ti lọ bi obìnrin náà. Obìnrin náà tiẹ̀ tún sín Joseph jẹ bó ṣe ń bú jẹnẹrétọ̀.

Ní ti Afeez, òun gan-an ni Rachel ìbá fẹ́ kó jẹ́ ọ̀daràn, nítorí ìwà rẹ̀ ń bí i nínú. Àmọ́ kò bá a mu. Ta ló máa ń jí ọjà tí oníbàárà ń bọ̀ wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ló sì wà ní mọ́sáláásí títí wọ́n fi jọ padà dé.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò," ni Afeez wí. "Ó yọ́ padà wálé ni. Orúkọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Ó dáa. Ó yọ́ padà wálé. Orí kọ̀ǹpútà wo ló jókòó sí?"

"Tiẹ̀ ńkọ́?"

"Tiẹ̀ wà lójú Ayọ̀mikún, àga ẹ̀ sì kọjú sí ògiri. Ká tiẹ̀ ní ó jókòó síbẹ̀, àyè ẹ̀ ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Kò ní gba ti Ayọ̀mikún mọ́ ọn. Ẹni tó gba àyè yẹn, orí kọ̀ǹpútà tí kò tíì sí nínú iye tí ẹ kà ló wà. Mélòó lẹ ní nínú ilé yìí?"

"Márùn-ún. Gbogbo wọn ló wà ní yàrá iṣẹ́."

"Ayọ̀mikún wà ní yàrá iṣẹ́. Kò rí ẹnikẹ́ni."

Afeez gbé ọ̀kan nínú fóònù rẹ̀ sókè. "Ó lè jẹ́ fóònù."

Bàbá rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Ẹ̀rọ ayé àtijọ́ yìí? Kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ fóònù. Wáyà nìkan ló mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé wáyà nígbà náà," ni Rachel wí.

Ó ní kí wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì wá. Lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, wáyà márùn-ún gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde lọ sí yàrá iṣẹ́, gbogbo ayé ló mọ̀ wọ́n. Rachel tẹ̀ síwájú, orúnkún rẹ̀ ń dún, ó fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wáyà kẹfà wà níbẹ̀. Wọ́n ti kun ẹfun bò ó mọ́ ògiri láìmọye ìgbà tó fi dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Ó gba igun yàrá lọ sókè, ó wọnú àjà.

"Kí nìyí, Alhaji?"

"Àà! Mo ti gbàgbé ìyẹn. Bàbá ló fà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, tí wọ́n fẹ́ máa wo fọ́tò láti yàrá wọn. Ó ti pẹ́. Kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́."

"Ta ló ń gbé lókè báyìí?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni Alhaji Yésúfù wí. "Màmá wa nìkan ni."

Joseph ló kọ́kọ́ gbójú sókè sí àjà. Lẹ́yìn náà ni Alhaji tó sọ̀rọ̀ náà gan-an gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.

"Ẹ̀rọ yín kà wọ́n, Alhaji," ni Rachel wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin lẹ ò kà wọ́n. Ṣé Màmá tiẹ̀ ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mú Zulaihat?"

"Ta ló máa sọ fún wọn? Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn fà á. A kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò dé etí wọn. Yàrá wọn sì kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lánàá, wọn ò lè gbọ́ ariwo iwájú ilé."

Irú ìwà tí gbogbo wa ń hù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ burúkú ṣẹlẹ̀, a gbé e gba ẹ̀yìn àgbà kọjá kí ọkàn wọn má baà gbọgbẹ́, a sì máa ń rò pé oore la ṣe.

Rachel gun òkè, Alhaji tẹ̀ lé e. Màmá ọ̀hún, Alhaja Àtọ́kẹ́, jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Lórí tábìlì tó wà níwájú wọn, wọ́n ta aṣọ léèsì bo nǹkan kan tí ẹni tó bá wọlé yóò rò pé tẹlifíṣọ̀n tó ti bàjẹ́ ni.

"Ọmọ Tíṣà Kúdẹtì!" ni Alhaja wí kí Rachel tó kúnlẹ̀ tán. "Ìwọ tí orí ẹ ò gba kóòmù! Èmi ni mo máa ń di ẹ́ mú lọ́rùn kí n tó lè yà á fún ẹ."

"Èmi náà ni, mà. Orí ọ̀hún ò tíì gba kóòmù." Rachel rẹ́rìn-ín, omi sì dé sí ojú rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é lọ́mọ ẹnikẹ́ni. "Alhaja, ẹ dákun, ẹ̀yin lẹ kó àwọn fọ́tò?"

"Èmi ni mo kó wọn. Ta ni ì bá tún bá mi kó wọn?" Wọ́n gbé aṣọ léèsì kúrò. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan jókòó síbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. "Wọ́n wà níbí. Kò sí ọ̀kan tó dín. Abẹ́ fèrèsé yìí ni Afeez dúró sí tó ń bá àwọn ará Èkó dúnàádúrà ojú àwọn oníbàárà wa lórí fóònù. Ọkọ mi búra fún wọn. Mo ní kí n kó fọ́tò wọn gòkè kí ọjọ́ Ajé tó dé."

"Ẹ̀rọ sì gbà yín wọlé?"

"Lánàá kẹ̀? Ó ní àyè ti kún!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá náà. "Mo rántí ayé ọjọ́un. Mo kàn jókòó tì í bá a ṣe máa ń ṣe. Kò pẹ́, iná lọ, àyè kan sì ṣí. Bátìrì fáànù mi ni mo fi tan kọ̀ǹpútà."

"Kí ló dé tí ẹ lo orúkọ Zulaihat?"

Ẹ̀rín náà kúrò. "Tèmi ò sí mọ́. Nígbà tí Afeez mú Ayọ̀mikún wọ iṣẹ́, ó yọ orúkọ mi, ó ní àyè ò ní tó. Kò sọ fún mi o. Mo kàn ní kí n wọlé lọ́jọ́ kan, kí n wo ojú ọkọ mi, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ mí. Zulaihat ló gbé oúnjẹ wá, tó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún. Ó ní kí n máa lo tòun nírọ̀lẹ́. Mo ní kó ṣèlérí pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, torí bí Afeez bá gbọ́, á gé wáyà."

"Ó mú ìlérí náà ṣẹ, mà," ni Rachel wí. Ó wá sọ ìyókù fún wọn. Ó sọ ti pèpéle àti ariwo olè, ó sọ ti ọlọ́pàá tó ń bọ̀. Kò fi ọ̀kankan pamọ́.

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Alhaja Àtọ́kẹ́. Wọ́n wo ọmọ wọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Yésúfù. Ẹ fẹ́ ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé nítorí mi, ẹ ò sì lè gun àtẹ̀gùn yìí wá sọ fún mi?"

Alhaji Yésúfù, ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

"Dìde. Kì í ṣe èmi lo ṣẹ̀. Rachel, fún mi léjìká ẹ."

Ìgbà tí wọ́n máa fi dé ìsàlẹ̀, ọlọ́pàá méjì ti dé, Afeez sì ti ń nàka sí Zulaihat. "Òun nìyẹn. Ẹ mú un."

"Ẹ dúró," ni ohùn kan wí.

Gbogbo wọn yíjú. Láti Iléyá tó kọjá, Alhaja Àtọ́kẹ́ kò tíì sọ̀ kalẹ̀ látòkè. Ọwọ́ wọn kan wà léjìká Rachel, èkejì wà lára ògiri, wọ́n sì ń mí bí ẹni tó sáré. Wọ́n rìn títí dé iwájú àwọn ọlọ́pàá, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí wọn.

"Èmi ni mo kó fọ́tò. Ẹ dè mí."

Èyí tó jẹ́ ọ̀dọ́ nínú àwọn ọlọ́pàá náà sún sẹ́yìn bí ẹni tí iná fẹ́ jó. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa." Ó rí Rachel, ó sì kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá. "Màmá Ọlọ́pàá, ẹ gbà wá."

"Kò sí olè níbí," ni Rachel wí. "Màmá kó ẹrù ilé wọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni. Ẹ máa lọ, ẹ ṣeun."

Wọ́n lọ kíákíá. Afeez dúró síbẹ̀, ó ń wo ìyá bàbá rẹ̀.

"Fọ́tò wà lókè," ni Alhaja wí, "ibẹ̀ ló sì máa wà. Bí àwọn ará Èkó bá dé, kí wọ́n wá bá mi. Àmọ́ ìyẹn ò kánjú. Níbo lo ti pe ọmọ yìí lólè?"

"Ìyá àgbà, mo rò pé..."

"Níbo ni mo bi ẹ́."

"Níta, mà."

"Ohùn ẹ lọ sókè àbí kò lọ?"

Joseph ti gbé àga oníbàárà jáde sí pèpéle. Alhaja jókòó sí i, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n sì fi ọwọ́ pe Zulaihat kó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Àwọn ọlọ́kadà tún dúró. Obìnrin alágbàfọ̀ yọjú pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

Afeez dọ̀bálẹ̀ nínú jàlábíà funfun rẹ̀. "Zulaihat, jọ̀ọ́, ìwọ kọ́ lo jí fọ́tò."

"Mi ò gbọ́," ni Alhaja wí.

Ó tún un sọ. Ohùn rẹ̀ ròkè díẹ̀.

"Àwọn tó gbọ́ tàná ní ìsàlẹ̀ títì lọ́hùn-ún ò tíì gbọ́ tòní."

Afeez gbé orí sókè, ó ké e jáde débi tí àwọn tó ń gòkè lọ sí Mápó fi yíjú: "Zulaihat kì í ṣe olè! Mo purọ́ mọ́ ọn!"

Zulaihat, tí kò sunkún látàná, jókòó sílẹ̀ lójijì lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá náà, ó sì bú sẹ́kún. Ẹkún náà pọ̀, ó ń mì í. Alhaja Àtọ́kẹ́ bọ́ ìborùn wọn, wọ́n ń fi í nu ojú rẹ̀.

"Èmi náà bẹ̀ ọ́, ọmọ mi," ni wọ́n ń sọ fún un, tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́. "Èmi ni mo ní kó o dákẹ́. Má bínú sí mi."

Ó pẹ́ kí ẹkún náà tó rọlẹ̀. Rachel dúró tì wọ́n, kò rántí gúgúrú rẹ̀ mọ́. Afeez ṣì wà nílẹ̀, nítorí kò tíì sí ẹni tó ní kó dìde.